Iná Iwájú Jíìpù Àtijọ́: Kí Ló Fà Á Tí Kì í Mọ́lẹ̀ Tó, Kí La sì Lè Ṣe sí I?

Àbúrò mi kan ń lo Land Cruiser 60, jíìpù tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní 1980. Ọkọ̀ náà le bí òkúta, kò sí ọ̀nà oko tí kò lè wọ̀, àmọ́ iná iwájú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àtùpà elépo lọ. Ó ra gílóòbù LED méjì, ó fi wọ́n rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́. Gbogbo ọkọ̀ tó pàdé ló ń ṣẹ́ iná sí i pé kó dín tiẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ dímù ló fi sí láti ilé. Kó tó dé ibi tó ń lọ, táyà iwájú ti já sínú ihò kan tí kò rí rárá, rímù sì tẹ̀.

Ohun tó bi mí nígbà tó dé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo niná ṣe máa mọ́ tó báyìí, tí yóò máa fọ́ ẹlòmíì lójú, tí èmi tí mo ni ín ò sì ní ríran?"

Ìbéèrè gidi ni. Òun nìkan kọ́ ló sì ń bi í. Ẹni tó bá ń rìn lálẹ́ lójú títì wa mọ bí iná funfun yìí ṣe gba ìlú kan, ó sì mọ̀ pé kò sí iná òpópó tó lè ranni lọ́wọ́, àti pé tírélà tó bàjẹ́ lè wà níwájú láìní àmì kankan lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wà nínú iná iwájú ọkọ̀?

Nǹkan mẹ́ta ni. Gílóòbù ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Àwo dídán wà lẹ́yìn gílóòbù, ó rí bí abọ́ tí wọ́n fi fàdákà kùn nínú. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó sì ń tì í síwájú. Ẹ̀kẹta ni dígí iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, dígí náà ní ìlà-ìlà lára. Ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o, òun ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sórí títì àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Dímù ni iná tó dorí kọ ilẹ̀, tí a fi ń pàdé ọkọ̀ ẹlòmíì. Fúlù ni èyí tó nà jìnnà, tí a ń lò nígbà tí ọ̀nà bá dá. Gílóòbù tí wọ́n ń pè ní H4 ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jíìpù yìí, ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún dímù tó ń jẹ wáàtì 55, èkejì fún fúlù tó ń jẹ wáàtì 60. Nígbà tí okùn náà bá gbóná tó sì funfun ni ìmọ́lẹ̀ ń jáde. Irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní halogen. LED kò ní okùn. Ojú iná pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà lára tiẹ̀.

Ṣé gílóòbù ló ti rẹ̀ ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ rántí ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ní háàfù kọ́réǹtì. Gílóòbù tó mọ́ kedere lánàá á wá pọ́n bí ẹyin iná inú ààrò, ẹ ò sì ní lè ka ìwé lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sáré lọ ra gílóòbù tuntun nítorí ìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé iná tó ń bọ̀ ni kò pé. Ohun tó ń ṣe jíìpù àtijọ́ nìyẹn.

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, iná kúrò nídìí bátìrì, ó gba inú fíúsì, ó gòkè lọ bá súìṣì tó wà nídìí sítíárì, ó gba ibi tí a ti ń yàn láàárín dímù àti fúlù, ó tún padà gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn dé iwájú ọkọ̀, ó wọ gílóòbù, ó sì gba ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀, padà sí bátìrì. Ẹ fi wé ẹrù iṣu tó ń ti Ṣakí bọ̀ ní Èkó: gbogbo ibi tó bá ti dúró ni wọ́n ti ń mú nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, bàbà inú wáyà ti yọ àwọ̀ ewé, ẹnu súìṣì ti jó, ibi tí wọ́n ti so ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Ohun tó bá kù ni gílóòbù ń rí jẹ.

Gílóòbù halogen kì í sì í fi ọwọ́ rọra mú ebi. Bí fólítì, ìyẹn ipá tó ń ti iná, tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín ní ìdá 10 nínú 100, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 30. Àdánù kékeré lójú ọ̀nà, òkùnkùn ńlá níwájú.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín bí ẹ bá ní mítà tí rẹ́wáyà fi ń wọn iná. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wọn fólítì lórí bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn gílóòbù, nígbà tí wọ́n ṣì so ó mọ́ wáyà tó sì ń tàn. Gílóòbù halogen ni kó wà níbẹ̀ lásìkò náà, nítorí LED kì í fa iná púpọ̀, kò sì ní jẹ́ kí àṣírí wáyà tú. Bí ìyàtọ̀ bá ju ààbọ̀ fólítì lọ, wáyà ń jẹ iná yín.

Nígbà tí a wọn ti àbúrò mi, fólítì 13.9 ló wà lórí bátìrì. Ẹ̀yìn gílóòbù, 11.6. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ojú mi ò gbà á gbọ́. Fólítì méjì ó lé ló ṣòfò kó tó dé ibi iṣẹ́. A wá fi ẹnu mítà pupa kan ẹ́ẹ̀tì iná, a fi dúdú kan orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù, fólítì kan ó dín díẹ̀ ló yọ níbẹ̀ nìkan. Bóòtù kan ló de ẹ́ẹ̀tì iná méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀, ìpẹtà sì ti bo ìdí rẹ̀. A tú u, a fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, a sì dè é padà. Ojú ẹsẹ̀ ni iná méjèèjì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Kí ni ríléè, kí sì nìdí tí gbogbo rẹ́wáyà gidi fi ń dárúkọ rẹ̀?

Báálẹ̀ kì í ru ẹrù lọ sọ́jà fúnra rẹ̀. Ó ń ránni ni. Nínú jíìpù àtijọ́, súìṣì ni báálẹ̀ tó ń ru ẹrù. Gílóòbù dímù méjì ń fa ámpì (òdiwọ̀n iná tó ń ṣàn) bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, inú súìṣì kékeré yẹn sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ti lo Land Rover Defender àtijọ́ á mọ bí súìṣì iná ṣe máa ń gbóná, nígbà míì a tiẹ̀ máa yọ́.

Ríléè, súìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń ṣí fún iná púpọ̀, ló ń yí ètò náà padà. Wáyà tuntun tó nípọn máa ti orí bátìrì lọ tààrà sínú ríléè, láti ibẹ̀ ló sì máa lọ bá gílóòbù. Wáyà àtijọ́ tó ti súìṣì wá kò ní ru ẹrù mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó sọ fún ríléè pé, "Ṣílẹ̀kùn," lọ. Iná tí ìránṣẹ́ yẹn ń lò kò tó ámpì kan.

Bí ẹ bá wo ìdí ríléè, ẹ máa rí nọ́ńbà. 30 ni iná bátìrì ń bá wọlé, 87 ni iná ń bá jáde lọ sí gílóòbù, 85 àti 86 sì ni ti ìránṣẹ́. Ríléè méjì lẹ nílò, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù. Wáyà tó nípọn tó 2.5 mm² ni kí wọ́n lò, kì í ṣe wáyà rédíò. Fíúsì tó wà lójú ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, nítorí bí wáyà bá bó tó sì kan irin ara ọkọ̀ níbi tí fíúsì ò tíì dé, iná ló máa gbà á. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n so ríléè mọ́ láìfi fíúsì sí i rárá. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, Land Cruiser 60 wà lára wọn: iná pósítíìfù máa ń wà nídìí gílóòbù nígbà gbogbo, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì ni súìṣì ti ń tàn án tó sì ń pa á. Òdìkejì ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ míì nìyẹn. Rẹ́wáyà tí kò bá mọ̀ ọ́n á so ó títí, kò ní tàn bó ṣe yẹ, á wá ní ríléè ni kò dáa.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tún wò ó bóyá fólítì 12 ni ọkọ̀ yín ń lò. Àwọn Land Cruiser oní-dísù kan tó ti Japan wá, fólítì 24 ni tiwọn. Bátìrì méjì nìkan ò sì tó láti fi mọ̀, torí àwọn míì ní bátìrì méjì tó jẹ́ 12 náà. Mítà ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí a so ríléè tán, fólítì 13.6 ló ń dé ẹ̀yìn gílóòbù àbúrò mi. Halogen tó ti bọ́ jù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ la dá padà síbẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó tan iná sára ògiri ilé ìyá wa, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó bá wá rò pé òun á kúkú ra gílóòbù oníwáàtì 100, kó rọra o. Lórí wáyà àtijọ́, ẹrù tó ń pa á lẹ tún fi kún. Nǹkan oníke tí gílóòbù ń kì bọ̀ lẹ́yìn máa yọ́, ooru sì máa sun fàdákà inú àwo.

Kí ló dé tí gílóòbù LED fi ń fọ́ni lójú, tí ẹni tó ni ín ò sì ríran?

Ẹ rántí tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí a máa ń yí orí rẹ̀. Ẹ yí i síbí, ìmọ́lẹ̀ á kó jọ, á nà jìnnà. Ẹ yí i sọ́hùn-ún, á fọ́nká. Gílóòbù ò yí padà, bátìrì ò yí padà. Ibi tí gílóòbù wà sí àwo nìkan ló yí, kò sì ju bí ìbú ìka lọ.

Àwo iná jíìpù yín, okùn tín-ín-rín H4 ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún nílé iṣẹ́. Lábẹ́ okùn dímù, irin kékeré kan wà tó rí bí ṣíbí, tó gba ìmọ́lẹ̀ kó má bọ́ sí ìsàlẹ̀ àwo. Ìdajì òkè àwo nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń bá, òun ló sì ń dá a padà sílẹ̀ sójú títì. Òun ló fà á tí dímù fi ní etí: ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè ṣókùnkùn, ojú ẹni tó ń bọ̀ sì wà nínú òkùnkùn yẹn.

Ẹ wá yọ ọ́, ẹ fi LED sí i. Ojú iná pẹlẹbẹ lọ́tùn-ún àti lósì, páálí irin láàárín wọn. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí okùn yẹn wà, tọ́ọ̀ṣì ti yí nìyẹn. Apá kan ìmọ́lẹ̀ lọ sókè sójú awakọ̀ tó ń bọ̀, apá kan já sílẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú ọkọ̀ yín. Ti iwájú ọkọ̀ yìí ló ń tan ẹni tó ni ín jẹ. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn mọ́ bí ọ̀sán, ẹyinjú rẹ̀ bá sún kì nítorí ìmọ́lẹ̀ náà, ọ̀kánkán tí ihò wà sì ṣókùnkùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó gba rímù lọ́wọ́ àbúrò mi nìyẹn.

Ìdí rèé tí nọ́ńbà ara páálí kò fi yẹ kó rú yín lójú. Gílóòbù H4 tó péye, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú okùn dímù rẹ̀ tó nǹkan bí lumen (òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 1,000, ti fúlù tó 1,650. Ẹ máa rí LED tí wọ́n kọ 20,000 sí lára. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, iye omi tó wà nínú àgbá kọ́ ló ń sọ bí omi ṣe máa jìnnà tó. Ẹnu páìpù ni.

Kì í ṣe pé LED burú. Ní Jámánì, ọdún 2020 ni ìjọba tó fọwọ́ sí gílóòbù LED àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fi rọ́pò halogen lójú títì, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú iná wọn nìkan ni wọ́n sì gbà á láyè fún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣọ́ra tó. Ẹni tó ń tà á fún wa lọ́jà á ní gbogbo ọkọ̀ ló bá mu.

Ṣé kí n kúkú pààrọ̀ gbogbo iná náà?

Bí àwo inú rẹ̀ bá ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni. Fàdákà inú àwo fẹ́lẹ́, kò ṣeé fi aṣọ nù, ẹni tó bá nù ún ti bó o nìyẹn.

Oríire àwọn tó ní jíìpù oníná rógódó pọ̀. Ní 1940 ni iná rógódó ínṣì 7 di òdiwọ̀n kan ṣoṣo fún mọ́tò ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ó sì wọ ọkọ̀ káàkiri ayé: Land Rover Defender, Mercedes G-Wagen, Land Cruiser 40, Land Cruiser 60 tó jẹ́ oníná rógódó, àti Jeep Wrangler tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2006. Ohun tó wọ ọ̀kan sábà máa ń wọ èkejì. Jeep Cherokee àtijọ́, oníná onígun mẹ́rin, 200 mm sí 142 mm ni tiẹ̀.

Àwọn kan nínú wọn, pàápàá èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, gílóòbù, àwo àti dígí ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Bí okùn inú rẹ̀ bá já, gbogbo rẹ̀ lẹ máa jù nù. Fún irú wọn, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n fi iná onídígí gidi tó ń gba H4 rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ríléè. Kò wọ́n tó LED, ẹ sì máa rí H4 rà ní Ládípọ̀ tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò etí ọ̀nà bó bá jó lóru.

Bó bá jẹ́ LED lọkàn yín fẹ́, odindi iná LED ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe àwo àti dígí rẹ̀ fún LED látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ara dígí: lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú róbótó, bíi E4, fi hàn pé orílẹ̀-èdè kan ti dán irú rẹ̀ wò. Lára Toyota tó ń fi ẹ́ẹ̀tì tan iná, àfi kí wọ́n so ohun tó ń yí i padà mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fúlù ò ní ṣe déédéé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí ni ẹ̀gbẹ́ tí iná kọjú sí. Dímù kì í rí gbọọrọ. Ó máa ń gbé apá kan sókè sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì sí apá ọ̀tún láti April 2, 1972, Benin àti Togo náà ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Àmọ́ apá òsì ni Gẹ̀ẹ́sì àti Japan ń rìn. Iná tòkunbọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà wa ló máa gbé apá yẹn sí, bó ti wù kí ẹ tọ́ ọ tó. Bí ẹ bá dúró síwájú iná tó ní àmì E, tí ẹ rí ọfà kan ṣoṣo tó nà sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti apá òsì ni. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò ní ọfà ni ti wa. Èyí tí ọfà rẹ̀ nà síhà méjèèjì ṣeé lò níbi gbogbo.

Àwọn tí dígí iná wọn ti pọ́n ńkọ́?

Jíìpù àwọn ọdún 1990 síwájú, oníke ló pọ̀ jù nínú dígí iná wọn, oòrùn ló sì ń sọ ọ́ di pípọ́n. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n fi ń nù ún kì í pẹ́. Sáńpépà inú omi ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 800, ẹ bọ́ sí 1500, ẹ fi 2000 parí, kí ẹ wá fi ọ̀dà dídán tó ń dènà oòrùn kùn ún. Bí ẹ ò bá kùn ún, láàárín oṣù díẹ̀ á tún pọ́n padà.

Báwo la ṣe ń tọ́ iná síbi tó yẹ?

Iṣẹ́ yìí kò náni ní kọ́bọ̀, òun ni wọ́n sì ń fojú fò jù. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kó kọjú sí ògiri, kí táyà kún dáadáa, kí èèyàn jókòó síjòkòó awakọ̀. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi gíga yẹn. Ẹ sún ọkọ̀ sẹ́yìn títí iná fi jìnnà sí ògiri ní mítà 10. Ẹ tan dímù. Etí ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ ìlà yín. Ìdè tí a fi ń gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ wà lára etí iná, èyí tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi nǹkan bo iná kan bí ẹ bá ń tọ́ èkejì.

Ẹni tó bá gbé jíìpù rẹ̀ ga, tàbí tó fi táyà ńlá sí i, gbọ́dọ̀ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọkọ̀ tó ga ti gbé iná dé ọ̀kánkán ojú ẹni tó wà nínú mọ́tò kékeré. Iná gbọọrọ tí wọ́n ń tò sórí òrùlé, inú igbó ni kí ẹ ti máa tàn án. Bí ẹ bá ti dé orí ọ̀dà, ẹ pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wà á jáde lálẹ́ ọjọ́ kan lórí dímù, kí ẹ máa wo àwọn tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣẹ́ iná sí yín, ẹ padà sídìí ògiri, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i.